Odù, Slam, àti Ẹjọ́ Tí Mo Dá fún Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ní ọdún 1992, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo kọ àròkọ kan nípa ayò títa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nínú rẹ̀ ni mo ti pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ojo. N kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ará ilé wa tí ó ka àròkọ náà tí kò mọ ẹni tí mo ń bá wí. Òun pàápàá mọ̀. Kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ kò ju pé ìwé ti kún mi lórí, kí n má tíì jókòó sí ìdí ọpọ́n. Ó ti di olóògbé báyìí. Bí mo bá wá ń tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀ wò lónìí, kì í ṣe nítorí pé òkú kì í wí àwíjàre. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọ̀n ọ́n ni mo rí pé ó wọ́, òṣùwọ̀n náà kan náà sì ni púpọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ ṣì ń lò, yálà ayò ni a ń wò, tàbí eré orí ìtàgé, tàbí ìṣe àwọn akọni inú ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún òǹkàwé tí kò bá mọ ayò í ta, nítorí wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ihò méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sí ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń ta á sí, ẹyọ kan sí ihò kan. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tí ohun tí ó wà nínú ihò náà sì di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ihò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kọjá kí a tó dé ibẹ̀ náà bá ti di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ìyẹn mọ́ ọn, a ó sì máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí a ó fi kan ihò tí kò bá òfin mu. Ẹni tí ó bá jẹ tó 25 ti borí: òun ni ọ̀ta, ẹnìkejì rẹ̀ ni ọ̀pẹ. Ihò tí ọmọ inú rẹ̀ bá tó 12 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni à ń pè ní odù. Bí a bá ta odù, yóò yí gbogbo ọpọ́n po, yóò fo ihò tí ó ti gbéra, yóò sì tún wọ ilé alátakò lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ihò tí ó ṣófo, tí odù bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, yóò di méjì. Èyí tí ó ní ẹyọ kan yóò di mẹ́ta. Odù tí ó bá bọ́ sí àsìkò lè jẹ ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ojúde yóò sì hó.

Ìwé A. O. Odeleye, *Ayo: A Popular Yoruba Game*, tí Oxford University Press tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1977, ti gbé ayò sínú ìwé fún wa tipẹ́. Ohun tí ó kù fún àwa alámèyítọ́ ni bí a ṣe lè ṣe ìdájọ́ ìta kan, kí a sọ pé èyí dára, èyí kò dára, kí a sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní ọdún 1991, lẹ́yìn ìrun alásàrí, ní ojúde kan tí kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi àti gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò ni wọ́n jókòó sí ìdí ọpọ́n. Ọ̀ta paraku ni gbẹ́nàgbẹ́nà yìí, ó dákẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwa tí a ń wòran lé ní ogún, a sì ń pariwo fún àwọn méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kọ nǹkan, mo mú ìwé kékeré kan dání, inú ìwé náà ni mo kọ bí ọpọ́n ti rí sí. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti jẹ 10, gbẹ́nàgbẹ́nà ti jẹ 16, ọmọ 22 ni ó kù lórí ọpọ́n. Nínú 22 yìí, 12 wà nínú ihò ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún: odù ti dé nìyẹn. Ẹyọ kan wà nínú ihò tí ó tẹ̀ lé e, méjì wà nínú èyí tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ẹyọ kan sì wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì. Ní ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ihò rẹ̀ tí ó kọjú sí odù náà ní ẹyọ kan, ìkejì ní ẹyọ kan, ìkẹta ní ẹyọ kan. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ṣófo, mẹ́ta wà nínú ìkẹfà. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá ta odù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọmọ tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí ihò kìíní alátakò, èyí yóò di mẹ́ta, yóò sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè mú sùúrù, kí ó fi ìta méjì rọ ọmọ méjì sí i kí odù náà di 14, yóò gba ihò kìíní, ìkejì àti ìkẹta kọjá lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́ta-mẹ́ta ní ọ̀nà mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án. Òun tí 16 ti fi mẹ́fà jù 10 rẹ̀ lọ yóò wá di 19, yóò sì kọjá alátakò rẹ̀.

Gbogbo wa rí i. Gbogbo wa ni a ń kígbe pé kí ó dúró. Ó wo ọpọ́n títí, ó kó odù rẹ̀, ó ta á, ó jẹ mẹ́ta. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ebi ló ń pa á. Ayò náà sì yọrí sí pé gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ 25. Mo lọ sílé, mo kọ àròkọ mi. Mo ní ẹni tí ó ní odù lọ́wọ́ tí ó fi jẹ mẹ́ta, onítọ̀hún kò mọ iyì ohun tí ó ní. Mo ní ewà ayò wà nínú ìgboyà. Mo tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn akọni kan nínú ìtàn àdáyébá gbè é lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ mi fún mi ní máàkì tí ó dára.

Ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà kò sí nílé. Ní ọdún 2005 mo lo oṣù mẹ́sàn-án ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí iṣẹ́ ìwádìí kan. Ìyá àgbàlagbà kan tí mo gbé yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ a máa lọ ta bridge ní alaalẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣàìsàn, ó fi mí dí àlàfo náà. N kò mọ ju whot lọ nínú eré káàdì nígbà náà.

Ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n ń ta bridge, méjì-méjì tí wọ́n kọjú síra wọn ni wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Káàdì 52 ni, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ju káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, èyí tí ó lágbára jù nínú rẹ̀ yóò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìyẹn ni mo ń pè ní ìkó kan, ìkó 13 ni ó sì wà nínú ayò kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì sílẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ lu gbàǹjo, gan-an bí a ti ń lu ú lórí ẹrù. Ẹgbẹ́ kan yóò pe iye ìkó tí ó lè kó àti ọ̀wọ́ káàdì tí yóò jẹ́ aláṣẹ. Ẹgbẹ́ kejì lè pe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìpè rẹ̀ bá ga jù ni ó gba ọjà, bí kò bá sì lè kó iye tí ó pè, ó jẹ gbèsè. Bí o bá pe ìkó 12, small slam nìyẹn. Bí o bá pe gbogbo 13, grand slam ni. Ẹ̀bùn ńlá wà fún méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ṣáájú nìkan ni ó lè gbà á. Harold Vanderbilt, olówó ará Amẹ́ríkà kan, ni ó to ẹ̀tọ́ yìí bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1925. Nínú oríṣi bridge tí wọ́n ń ta ṣáájú èyí, ẹni tí ó bá ṣèèṣì kó 12 gba ẹ̀bùn rẹ̀, yálà ó pè é tàbí kò pè é. Ìyípadà kékeré yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí o tó rí ọjà, o ti gbọ́dọ̀ sọ iye tí ìwọ yóò kó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìṣirò rẹ̀, nítorí ìṣirò náà ni ó kọ́kọ́ dójú tì mí. Ká ní spades ni aláṣẹ, tí ẹgbẹ́ wa kò sì tíì jẹ ayò kankan. Bí a bá pe ìkó 10 tí a sì kó 12, a gba 480. Bí a bá pe 12 tí a sì kó 12, a gba 980. Èrè ìgboyà jẹ́ 500. Bí a bá pe 12 tí a kó 11, a jẹ gbèsè 50, nígbà tí ó jẹ́ pé 450 ni à bá gbà bí a bá dúró sí 10. Àdánù náà jẹ́ 500. Òṣùwọ̀n dọ́gba: bí àǹfààní rẹ bá tó ìdajì, pè é, bí kò bá tó, fi í sílẹ̀. Ní ti grand slam, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí a bá kó 13, ohun tí a fi jèrè lórí small slam jẹ́ 500. Bí ó bá já lé wa lọ́wọ́, 1,030 ni a pàdánù. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ dá wa lójú tó ìdá méjì nínú mẹ́ta kí a tó dáwọ́ lé e. Kò sí ibì kan nínú ìṣirò yìí tí a ti bèèrè bóyá ẹni tí ó pè é láyà tàbí kò láyà.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá àǹfààní wa tó ìdajì? A kì í rí káàdì ẹnìkejì wa. À ń fi ìpè béèrè ni. Ìpè kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tí àwa méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ní ọdún 1933 Easley Blackwood gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ títí dòní: bí mo bá pe 4 no-trump, kì í ṣe pé mo fẹ́ ta á, ace mélòó ni o ní ni mo ń bèèrè. Bí o kò bá ní rárá, tàbí tí o ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wàá pe 5 clubs. Bí o bá ní ẹyọ kan, 5 diamonds. Méjì, 5 hearts. Mẹ́ta, 5 spades. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún mi, àrokò ni ó wá sí mi lọ́kàn. Gollmer, òjíṣẹ́ CMS, kọ̀wé lórí àrokò Yorùbá ní ọdún 1885: owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ ń sọ pé a jọra. Nínú àrokò pẹ̀lú, ohun tí a rán kọ́ ni a ní lọ́kàn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé a kì í túmọ̀ àrokò fún àjèjì. Nínú bridge, òfin ní kí o túmọ̀ ìpè ẹnìkejì rẹ fún alátakò tí ó bá bèèrè. Gbangba ni wọ́n ti ń sọ àṣírí níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ní káàdì tí ó dùn ún wò. Clubs ni a ti fohùn sí. Ace kan wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń retí pé méjì yóò wà lọ́wọ́ ìyá náà. Mo bèèrè. Ó dáhùn pẹ̀lú 5 diamonds: ẹyọ kan. Ace méjì wà lọ́wọ́ alátakò nìyẹn, a kò lè kó ju 11 lọ. Pé kí n kúkú dúró sí 5 clubs, tí ìkó 11 tó fún! Ṣùgbọ́n 5 diamonds ti ga ju 5 clubs lọ, gbàǹjo kì í sì í padà sẹ́yìn. Mo pe 6 clubs tìtìjú-tìtìjú, a kó 11, a jẹ gbèsè. Ìyá náà kò bínú. Ó kàn bi mí pé kí n tó béèrè, ǹjẹ́ mo ti ro ibi tí n ó sùn bí òun bá dáhùn pé ẹyọ kan?

N kò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. A kì í yé wí nílé wa pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ti bèèrè ọ̀nà, mo sì ti ṣìnà, kì í ṣe pé ìdáhùn náà burú, bí kò ṣe pé ìbéèrè gan-an ní iye tí ó ń náni. Òwe wa kò purọ́. Ẹni tí ó dúró ní oríta ni ó ń bá wí, ẹni tí ó lè padà. Nínú gbàǹjo, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń ti ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn rẹ.

Òru náà ni mo rántí ọpọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ní ẹnìkejì tí yóò bi léèrè. Ẹni ṣoṣo tí ó lè dá a lóhùn ni alátakò rẹ̀, èdè tí ó sì lè fi bi í kò ju kí ó ta nǹkan mìíràn, kí ó fi odù sílẹ̀, kí ó wò ó. Ẹ jẹ́ kí a bi í fún un. Ó mú ẹyọ tí ó wà nínú ihò tí ó tẹ̀ lé odù, ó rọ ọ́ sínú odù, ó di 13. Kí ni gbẹ́nàgbẹ́nà yóò fèsì? Ó lè mú ẹyọ inú ihò rẹ̀ kìíní, kí ó jù ú sínú ìkejì, kí ìyẹn di méjì. Ìta kan péré nìyẹn. Odù 13 yóò bọ́ sí ihò ìkejì yìí, yóò sọ ọ́ di mẹ́rin, mẹ́rin kì í sì í ṣe jíjẹ. Mẹ́sàn-án ti bọ́. Mẹ́ta tí ó ti wà nílẹ̀ náà ti bá a lọ. Ó lè tún dúró kí ó di 14, kí ó máa wá ihò ìkẹta. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè kó méjì inú ìkejì, kí ó ta wọ́n sí ìkẹta àti ìkẹrin, ìkẹta náà yóò di méjì, ibẹ̀ náà yóò tún dí. N kò sọ pé kò ní rí nǹkan jẹ mọ́. Odù tí ó ń dàgbà kì í ṣe aláìníláárí. Ohun tí mo ń sọ ni pé yóò ti fi ohun tí ó dájú sílẹ̀ láti máa sá tẹ̀lé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà ariwo wa ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lágbára. Yóò ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti wà lẹ́yìn, 10 sí 16, ẹni tí ó bá sì wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ máa jẹ mẹ́ta-mẹ́ta bí ẹni tí ó wà níwájú. Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀tá bridge náà mọ̀ ọ́n: ẹgbẹ́ tí ó ti ń pàdánù a máa pe slam tí kì bá tí pè. Èmi náà ti lo ọ̀rọ̀ yìí rí láti fi dá ara mi láre. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé kí a wá ewu tí ó lè so èso, kì í ṣe pé kí a gba ewu èyíkéyìí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pẹ ni ó jókòó síwájú rẹ̀, tí kò lè ka odù ju ìta kan lọ, n ó ní kí ó dúró. Ọ̀ta ni ó jókòó níbẹ̀. Ìbéèrè tí a mọ ìdáhùn rẹ̀ kò yẹ ní ẹni í fowó rà.

Ẹnì kan tún lè ní kí n gbé ọpọ́n náà fún ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, ìbátan ayò wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìrísí ọpọ́n 889,063,398,406 ni wọ́n wò. Ohun tí wọ́n sì rí ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni, 24 sí 24. N kò gbé ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún ẹ̀rọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kì í bèèrè. Ó ti mọ̀. Ìdájọ́ tí a ó fi ìmọ̀ ẹ̀rọ dá fún ẹni tí ojú àti ọpọlọ nìkan ni ó ní, kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi àbájáde dá ní ọdún 1992. Òkú àjànàkú ni à ń yọ ogbó sí. Èmi náà yọ tèmi lẹ́yìn tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti jẹ 25.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn, bí ó tilẹ̀ yà díẹ̀. Àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọ̀wàrè àwọn ará Ghana yá grand slam lò: ó jẹ́ orúkọ ìta tí ó bá jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà nílé alátakò tán pátá. Nínú bridge, òun ni ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ jù. Nínú ọ̀wàrè, ọ̀pọ̀ òfin ni kò fọwọ́ sí i: àwọn kan ní o kò gbọdọ̀ ta á, àwọn mìíràn ní o lè ta á ṣùgbọ́n o kò ní jẹ ohunkóhun. Ìdí rẹ̀ ni pé alátakò gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò fi ta tirẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti sọ èyí di ìwàásù nípa ìwà ọmọlúàbí. N kò bá wọn dé ibẹ̀. Ó tó fún mi pé kò sí òfin kan náà tí ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé kíkó gbogbo rẹ̀ ni ó dára jù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ṣì wà láàyè. Ní ọdún tí ó kọjá mo lọ kí i ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọpọ́n rẹ̀ wà lábẹ́ àga. Mo tọrọ rẹ̀. Mo ṣí ìwé kékeré mi, mo to ọmọ 22 sí ihò wọn gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ ní ọdún 1991, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń ka ohun tí ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan sí i létí. Ó fi ìka kan inú ihò wọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Bàbá, ká ní wọ́n dúró ńkọ́? Ká ní ẹyọ yìí ni wọ́n rọ sínú odù?” Mo sì rọ ọ́ síbẹ̀.

Kò dá mi lóhùn. Ó na ọwọ́, ó mú ẹyọ inú ihò kìíní, ó jù ú sínú ìkejì, ó sì wí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ bu omi wá fún àlejò.